Okposo ti Bọ́ Bàtà Yìnyín Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, nígbà tí n kò tíì pẹ́ ní ìlú Saint Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ òru. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ikọ̀ họ́kì Yunifásítì Minnesota, tí wọ́n ń pè ní Golden Gophers, bá ní eré. Mo máa ń ti àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣàn, màá gbé tíì lé e lọ́wọ́, màá sì jókòó tì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó lọ yẹ àwọn tó kù wò. Eré náà kò yé mi rárá. Mo ń rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lé ohun dúdú kékeré kan tí ojú mi kì í bá, asọ̀rọ̀ sì ń pariwo orúkọ kan ṣáá tí mo rò pé orúkọ àwọn ará Ítálì ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ orúkọ náà sí ìsàlẹ̀ àwòrán: Kyle Okposo. Mo dìde dúró.

Ẹni tí ó bá dàgbà sí Nàìjíríà kò nílò kí a túmọ̀ orúkọ bẹ́ẹ̀ fún un. Orúkọ ìhà Delta ni, orúkọ ìdílé kan náà tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Sammie Okposo, olórin ìyìn tí ó di olóògbé ní ọdún 2022. Asọ̀rọ̀ náà kò pe k inú rẹ̀ rárá, p ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ètè nìkan ń pè ni ó fi ń pè é. Ṣùgbọ́n kp yẹn gan-an ni ìró tí àwa Yorùbá ń fi lẹ́tà p kọ, èyí tí a ń pè nínú pákó, nínú pẹ̀lẹ́, nínú ìpẹ́pẹ́, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe orúkọ náà fún bàbá arúgbó yẹn bí ó ti yẹ. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu òun ti gbó jù fún un. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ̀lé ọmọkùnrin náà, mo sì tẹ̀lé e fún ọdún 17, títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí ó kéde pé òun ti fẹ̀yìntì.

Saint Paul yìí gan-an ni wọ́n bí Okposo sí, ní ọdún 1988. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọmọ bàbá tí ó ti ilẹ̀ olóoru wá ṣe di ọ̀gá nínú eré orí yìnyín, kí ó wá gbé ní Minnesota fún ìgbà òtútù kan péré. Adágún omi tí a ti ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dì débi pé mọ́tò ń gun orí rẹ̀. Ní àwọn pápá ìṣeré àdúgbò, òṣìṣẹ́ ìlú á fa rọ́bà omi jáde lóru, wọ́n á fọ́n omi sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yìnyín ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí a fi síméǹtì rẹ́. Bí ọmọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lẹ́yìn ilé ìwé ni ọmọ ibí ṣe máa ń lọ sórí yìnyín. Okposo lọ sí ilé ìwé Shattuck-St. Mary's ní Faribault, ilé ìwé tí òkìkí họ́kì rẹ̀ kàn ká gbogbo Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó gbá eré fún ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ní Des Moines, wọ́n sì gba ife líìgì wọn ní ọdún 2006. Ọdún yẹn náà ni New York Islanders mú un ní ipò keje nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ikọ̀ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, yàn. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, ó sì wá sí Minnesota. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, eré 40 ni ó gbá, gólù 19 ni ó jẹ, ó sì lọ́wọ́ nínú gólù 21 mìíràn.

Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 2007, láàárín sáà rẹ̀ kejì, ó fi yunifásítì sílẹ̀. Àwọn alákòóso Islanders sọ ní gbangba pé àwọn kò rí irú ìdàgbàsókè tí àwọn ń retí lára rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di awuyewuye ní ìlú wa. Inú bí bàbá arúgbó mi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa tẹlifíṣàn. Ní tèmi, bàbá ọmọ náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀. Bí àwa tí a ti Nàìjíríà wá ṣe ń ronú nípa ìwé kò fara sin. Ìwé ni a bá dé ibí, òun ni a fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Kí ọmọ wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun yóò kúrò ní yunifásítì láàárín ọdún kí òun lè lọ máa fi ọ̀pá gbá nǹkan lórí yìnyín jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gba ìgboyà láti ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́, tí ó sì gba ìgboyà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti etí ẹni tí ó gbọ́ ọ. N kò tíì bí ọmọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè bí èmi yóò ṣe dáhùn.

Ó wọ NHL ní oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí kò tíì pé ẹni 20 ọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ó lò ní Islanders kọjá bí ọdún àwọn ọ̀dọ́kùnrin alágbára ṣe máa ń kọjá. Sáà 2013 sí 2014 ni ó tàn jù, nígbà tí ó jẹ gólù 27 tí àpapọ̀ àmì rẹ̀, ìyẹn gólù tí ó jẹ àti èyí tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, sì di 69 nínú eré 71. Ní ọdún 2016, ikọ̀ rẹ̀ lé Florida Panthers jáde nínú ìdíje ife tí àwọn ikọ̀ tó peregedé máa ń dù ní ìparí sáà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1993 tí Islanders yóò borí nínú ìpele kankan nínú ìdíje náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Florida yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2016, ó bá Buffalo Sabres ṣe àdéhùn ọdún méje tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 42 dọ́là. Buffalo wà ní ìpínlẹ̀ New York, létí adágún Erie, ìlú òjò dídì àti ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin àtijọ́. Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tí wàhálà fi dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ó gba ìkọlù kan nígbà ìdánrawò, irú èyí tí gbogbo wọn ń gbà lójoojúmọ́ tí wọ́n ń dìde gbọnra nù. Lẹ́yìn èyí, oorun dá. Ara rẹ̀ ń jò, ìwà rẹ̀ yí padà, ó sì di ẹni tí wọ́n gbé lọ sí wọ́ọ̀dù àkànṣe fún àwọn tí àìsàn wọn jẹ mọ́ ọpọlọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí síta ní ọdún yẹn kan náà, kò sì pa ibi tí ó burú jù nínú rẹ̀ mọ́.

Mo ka ohun tí ó kọ ní ààbọ̀ òru, lẹ́nu iṣẹ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú èdè wa, orí kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán. Orí ni a ń bọ, orí ni a ń bẹ̀ kí ó má ṣe ta kò wá, orí inú ẹni ni a gbà pé ó yan ohun tí a wá ṣe láyé. Nítorí náà, nígbà tí mo kà pé orí ni ó dun ọkùnrin náà, pé kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo sì mọ bí àwa náà ṣe máa ń fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pamọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní ilé tí ìdílé wa fi ọdún mẹ́ta sọ fún aráyé pé ibà ni ó ń ṣe é, nítorí pé a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ọpọlọ. Okposo jẹ́ alágbára, ó lówó, ó sì lórúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin tí eyín ń yọ lẹ́nu wọn tí wọ́n ṣì ń bá eré lọ. Síbẹ̀ ó jókòó, ó kọ ọ́ pé ẹ̀rù ba òun. N kò rí gólù kankan nínú 242 tí ó jẹ láyé rẹ̀ tí mo lè fi wé ìyẹn.

Ó padà sórí yìnyín nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Orí náà tún gba ìkọlù lẹ́ẹ̀kan sí i ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún sinmi, ó tún padà.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀. Sáà mẹ́jọ ni ó lò ní Buffalo, ikọ̀ náà kò sì wọ ìdíje ife ní ẹyọ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà náà, eré 82 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbá nínú sáà kan kí wọ́n tó yan àwọn tí yóò wọ ìdíje ife, Buffalo kò sì wọ̀ ọ́ láti ọdún 2011 títí Okposo fi kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn NHL, kò sí ikọ̀ tí ó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2021, wọ́n gbá eré 18 tẹ̀lé ara wọn láìborí nínú ẹyọ kan. Ní sáà yẹn, gólù méjì péré ni Okposo jẹ nínú eré 35. Àwọn èrò ń ṣírò owó rẹ̀, wọ́n ń fi gólù méjì pín mílíọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 33 tí gbogbo ènìyàn sì ti kà á kún ẹni tí oòrùn rẹ̀ ń wọ̀, ó jẹ gólù 21 nínú sáà tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀.

Ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ikọ̀ náà nígbà tí ó di balógun, àwọn mìíràn kò sì tíì lè ra ọtí ní Amẹ́ríkà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe yìí sì ni mo máa ń rántí tí mo bá rí i tí ó jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì. Nínú họ́kì, ènìyàn kì í pẹ́ lórí yìnyín: kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹlòmíràn tó fò wọlé rọ́pò rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì ni ó ti ń lo ọ̀pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀, níbi tí ó ti ń mí hẹlẹ tí ó sì ń bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo wò ó tí ó tẹ̀ síwájú sí etí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pọ́ọ̀kì, ohun dúdú kékeré tí wọ́n ń lé yẹn, nù, tí gólù sì tipa bẹ́ẹ̀ wọlé. Okposo kò wo ojú rẹ̀. Ojú pápá ni ó ń wò tí ó fi ń sọ̀rọ̀, ó fi ìkángun ọ̀pá rẹ̀ kan bàtà ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ọmọ náà tún fò wọlé, ó gbé orí rẹ̀ sókè.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó pé ẹgbẹ̀rún eré. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Buffalo fi í ránṣẹ́ sí Florida Panthers, ikọ̀ tí ó ti lé jáde ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó bọ́ ẹ̀wù nọ́ńbà 21 tí ó ti ń wọ̀ láti ìgbà Islanders, ó wọ nọ́ńbà 8. Eré mẹ́fà péré ni ó gbá fún wọn kí sáà tó parí, kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n borí Tampa, wọ́n borí Boston, wọ́n borí Rangers, wọ́n sì kojú Edmonton ní ìpele àṣekágbá, níbi tí ikọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ti ń gbé Ife Stanley lọ. Florida borí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Edmonton borí nínú mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ 8 sí 1. N kò lè jẹun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyàwó mi lè jẹ́rìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ní ìlú Sunrise, Florida borí nínú eré keje pẹ̀lú gólù méjì sí ẹyọ kan, ìgbà àkọ́kọ́ tí ikọ̀ náà yóò gba ife yìí láti ọdún 1993 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Àṣà kan wà nínú eré yìí tí inú mi máa ń dùn sí. Ẹyọ ife kan náà ni wọ́n ń gbé fún gbogbo ẹni tí ó bá gbà á, balógun ikọ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ gbé e sókè. Ẹni tí balógun yóò gbé e fún tẹ̀lé e kì í ṣe ẹni tí ó jẹ gólù jù. Wọ́n máa ń wo ẹni tí ó ti dúró dè é pẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bí obì ṣe máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ àgbà nínú ìpàdé wa. Aleksander Barkov, balógun Florida, gbé e fún Sergei Bobrovsky, asọ́lé tí ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá nínú NHL. Bobrovsky gbé e sókè, ó yí padà, ó sì gbé e fún Kyle Okposo.

Ẹ rò ó wò. Àwọn kan wà nínú ikọ̀ yẹn tí wọ́n ti wà ní Florida fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ọkùnrin yìí dé, kò sì jẹ gólù kankan fún wọn nínú ìdíje ife náà. Òun ni ẹnì kẹta tí ó fọwọ́ kan ife náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pé ife náà ti san án padà fún gbogbo ìyà Buffalo. N kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbà. Bobrovsky kò rí oṣù mẹ́rin lójú rẹ̀. Ọdún 16 ni ó rí, sáà mẹ́jọ tí ilẹ̀kùn fi tì, gólù méjì nínú eré 35, àti ilé ìwòsàn. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà ti mọ iye tí àwọn ọdún yẹn jẹ́ kí ife tó dé. Bí Edmonton bá ti gbé e lọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, eré 1,051 ni ìbá ṣì jẹ́, 529 fún Islanders, 516 fún Buffalo, mẹ́fà fún Florida, pẹ̀lú àmì 614. Iṣẹ́ náà ti pé kí fàdákà tó kàn án lọ́wọ́.

Ẹni ọdún 36 ni nígbà tí ó kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọdún 35 ni bàbá mi fi ṣe olùkọ́ kí òfin iṣẹ́ ìjọba tó ní kí ó lọ sinmi. Mo rántí ọjọ́ náà: aago ògiri ni wọ́n fún un, wọ́n sì gbàdúrà, ó ki ṣọ́ọ̀kì tí ó kù sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, a sì jọ rìn lọ sílé. Ó dúró de owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó mú un sunkún. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni, nígbà tí ó wọ aṣọ tán ní aago mẹ́fà àbọ̀, tí ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ronú nípa Okposo ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ tí kò sí lára rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọdé. Bàbá mi jẹ́ ẹni 60 ọdún nígbà tí òwúrọ̀ yẹn dé bá a. Ti Okposo dé bá a nígbà tí ọdún tí ó ṣẹ́ kù fún un láyé lè ju èyí tí ó ti lò lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ó sì ń gbá họ́kì. Pápá ìta gbangba kan wà ní òpópónà kejì sí ilé wa, ibẹ̀ ni a ń lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Okùn bàtà yìnyín gùn, ó le, ó sì ní láti fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, ọwọ́ ọmọdé kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ni yóò kúnlẹ̀ sórí òjò dídì níwájú ọmọ. Ìbọ̀wọ́ kò ṣe é lò nítorí pé ìka ni a fi ń mú okùn náà, nítorí bẹ́ẹ̀ mo máa ń bọ́ ti èmi sínú àpò, mo sì ń fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìka mi yóò fi kú. Ọmọ náà á gbé ọwọ́ lé èjìká mi kí ó má bàa ṣubú. Ibi tí èmi ti wá, ọmọ ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé bàbá kan láti Nàìjíríà ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí kí á tó dé, mo sì máa ń kí i nínú ọkàn mi bí mo bá ń so okùn náà.

Ní ọjọ́ tí ìròyìn ìfẹ̀yìntì náà jáde, a jọ wo àwòrán ife náà lórí fóònù mi. Orúkọ gbogbo àwọn tí ó bá gbà á ni wọ́n máa ń fín sára fàdákà rẹ̀, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sì fi ń fín in. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé wọ́n máa fi k yẹn síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń pè é lórí tẹlifíṣàn." Mo ní wọn yóò fi í síbẹ̀. Mo ní kí ó pe orúkọ náà fún mi. Ó pa ètè pọ̀, ó gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.